Ẹ Kó Àpótí Òkúta Jáde!

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ìpolongo Ẹgbẹ́

Ẹ̀yin ènìyàn wa, nígbà tí ìjọba bá fẹ́ kọ́ dáàmù tàbí afárá ńlá, àwòrán rẹ̀ ni a kọ́kọ́ máa ń rí nínú ìwé ìròyìn: ògiri gíga, omi tí ó tẹ́ rẹrẹ, àwọn aláṣẹ nínú agbádá, tí wọ́n mú ṣọ́bìrì lọ́wọ́ bí ẹni pé àwọn fúnra wọn ni yóò gbẹ́ ìpìlẹ̀ náà. Ìlù a dún, a ó sì ka iye owó iṣẹ́ náà sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn. Ohun kan ṣoṣo ni a kì í fi hàn wá, ohun náà ni ó sì ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ: òkúta tí wọ́n fẹ́ gbé ògiri náà lé. Ọ̀rọ̀ òkúta yìí ni a fẹ́ sọ lónìí, a kò sì ní fi í sábẹ́ ahọ́n.

Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ náà kọ́kọ́ yé wa. Kí a tó fi ìpìlẹ̀ ohun ńlá lélẹ̀, ó di dandan kí a mọ ohun tí ó wà nísàlẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ a gbé ẹ̀rọ ìlulẹ̀ wá. Ẹ̀rọ náà a máa yí páìpù irin tí a fi dáyámọ́ǹdì sí lẹ́nu. Páìpù náà a gé òkúta yíká, èyí tí ó wà láàárín a sì dúró sínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọdé ti í ti ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ bọ inú amọ̀ tútù, tí amọ̀ á sì kún inú ọ̀pá náà. Nígbà tí wọ́n bá fà á sókè, ọ̀pá òkúta ni yóò jáde. Wọn a tò ó sínú àpótí onígi láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí a ti í kọ ìlà ìwé. Ẹni tí ó bá mọ̀wé òkúta yóò ka ilẹ̀ náà láti inú àpótí yìí, yóò sì mọ ibi tí ó le, ibi tí ó sán, àti ibi tí ó ti jẹrà di amọ̀.

Ìbéèrè méjì ni a gbọdọ̀ bi àpótí náà ní gbogbo ìgbà tí páìpù bá wọlẹ̀ tí ó sì jáde. Èkínní ni pé, nínú gbogbo ìwọ̀n tí ẹ̀rọ lu, èló ni ó bọ̀ sí ọwọ́ wa? Bí a bá lu mítà kan ààbọ̀, tí òkúta tí a rí kò sì pé mítà kan ààbọ̀, apá kan ti sọnù. Èkejì ni pé, èyí tí ó bọ̀ yìí, báwo ni ó ti pé sí? Òkúta lè jáde tán porogodo, kí ó sì jẹ́ ẹ̀rúnrún lásán. Ọ̀tọ̀ ni kí òkúta bọ̀, ọ̀tọ̀ ni kí ó dára. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé, "Gbogbo rẹ̀ ni a rí kó jáde," kò tíì sọ fún yín pé ilẹ̀ náà lè gbé ohunkóhun.

Nítorí ìbéèrè kejì yìí ni Don Deere, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, ṣe gbé òǹkà kan kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1964, èyí tí àwọn ẹnjiníà ń fi lẹ́tà mẹ́ta R.Q.D. pè. Òfin òǹkà náà kò ṣòro. Ègé òkúta tí gígùn rẹ̀ bá tó sẹ̀ǹtímítà 10 nìkan ni a óò kà. Èyí tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kí a fi í sílẹ̀. Kí a ro àwọn tí ó tó pọ̀, kí a sì gbé àròpọ̀ wọn ka orí gbogbo ìwọ̀n tí ẹ̀rọ lu. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ tàbí ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ni ó ṣẹ́ òkúta náà, kí a so ó pọ̀, kí a kà á bí odindi, nítorí pé kì í ṣe ẹ̀bi ilẹ̀. Bí òkúta bá sì ti jẹrà, kí a má kà á, bí ó tilẹ̀ gùn. Èyí tí kò bá tó 25 nínú ọgọ́rùn-ún kò dára rárá. Láti 25 dé 50 kò dára. Láti 50 dé 75 ó ṣe díẹ̀. Láti 75 dé 90 ó dára. Èyí tí ó bá ju 90 lọ dára gidigidi.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe. Ká ní ẹ̀rọ lu sẹ̀ǹtímítà 150. Nígbà tí a fa páìpù jáde, a bá ègé òkúta mẹ́jọ. Gígùn mẹ́rin jẹ́ 38, 24, 17 àti 12. Mẹ́rin yòókù jẹ́ 9, 8, 7 àti 5. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 120 ni. Ìyẹn ni pé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó bọ̀. Sẹ̀ǹtímítà 30 ti sọnù. Nínú àwọn tí ó bọ̀, mẹ́rin àkọ́kọ́ nìkan ni ó tó 10, àròpọ̀ wọn sì jẹ́ 91. Bí a bá gbé 91 ka orí 150, a ó rí 61 nínú ọgọ́rùn-ún. Òkúta náà ṣe díẹ̀. Òtítọ́ ibẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ẹni tí ó fẹ́ tẹ́ ọ̀gá rẹ̀ lọ́rùn lè ṣe. Kò ní fi ọwọ́ kan òkúta kankan. Kò ní yí gígùn ègé kan padà. Yóò kàn gbé 91 ka orí 120 tí ó rí, dípò 150 tí ó lu. Wàràwàrà, 61 di 76! Òkúta tí ó "ṣe díẹ̀" ní òwúrọ̀ di òkúta tí ó "dára" kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ kò yí padà, ìwé ni ó yí. Bí alájàpá bá ra iṣu 150 lóko, tí 30 bàjẹ́ lọ́nà, tí ó wá dé ọjà tí ó ń búra pé iṣu kan kò bàjẹ́ nítorí pé èyí tí ó bàjẹ́ kò sí nínú ọkọ̀ mọ́, kí ni ẹ óò pè é? Ohun tí ẹ óò pe alájàpá náà ni kí ẹ pe ẹni tí ó kọ 76.

Èyí tí ó sì burú jù lọ nìyí: sẹ̀ǹtímítà 30 tí ó sọnù yẹn ni ẹlẹ́rìí tí a nílò jù. Òkúta líle kì í sábà sọnù. Amọ̀ tí ó wà láàárín òkúta méjì, òkúta jíjẹrà, ojú sísán tí ó kún fún ìyẹ̀pẹ̀ kíkúnná, àwọn wọ̀nyí ni omi tí a fi ń tu ẹnu ẹ̀rọ lára máa ń fọ̀ lọ. Àwọn wọ̀nyí náà sì ni ògiri dáàmù máa ń yọ̀ lé lórí, àwọn ni omi máa ń gbà kọjá. Nítorí náà ni òfin iṣẹ́ ṣe sọ pé kí a fi igi dí àyè tí ó ṣófo nínú àpótí, kí a sì kọ iye tí ó sọnù sí ara igi náà. Àyè òfìfo yẹn ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá ti àwọn ègé súnmọ́ ara wọn kí àpótí lè kún dáradára ti dí ẹlẹ́rìí lẹ́nu.

Ọ̀nà èrú kò mọ sí ẹyọ kan. Nígbà tí a bá ń san owó fún alulẹ̀ ní iye mítà tí ó lu, láìbéèrè iye òkúta tí ó kó jáde, kí ni yóò mú un rọra? Yóò sáré, yóò tẹ ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, yóò fọ́ òkúta rere, yóò sì fọ èyí tí kò lágbára dànù. Nígbà mìíràn ẹ óò rí ìwé tí ó sọ pé ìdá tí ó bọ̀ jẹ́ 104 nínú ọgọ́rùn-ún. Báwo ni ènìyàn ṣe lè kó jáde ju ohun tí ó lu lọ? Ó ṣeé ṣe lóòótọ́, bí kùkùté òkúta tí ó kù sínú ihò nígbà tí ó kọjá bá bá ti ìsinsìnyí jáde. Ṣùgbọ́n a jẹ́ pé ìwé ti ìgbà tí ó kọjá gbọdọ̀ fi àdánù hàn. Bí ti àkọ́kọ́ bá sọ pé òun pé, tí ti èkejì sì sọ pé òun lé, ọ̀kan nínú wọn ń parọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò pé àríyànjiyàn àwọn ọ̀mọ̀wé lásán ni èyí, ẹ jẹ́ kí a rán an lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ní òkè ìlú Fréjus ni wọ́n kọ́ dáàmù Malpasset sí, ògiri kọnkéré tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó tẹ̀ bí ọrun, gíga rẹ̀ ju 60 mítà lọ. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1954. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá ọdún 1959, nígbà tí òjò ńlá ti mú kí omi kún un fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ya. Ènìyàn tí ó ju 400 lọ ni ó kú. Kì í ṣe kọnkéré ni ó jẹ̀bi. Òkúta tí ó wà lábẹ́ èjìká òsì ògiri náà ni omi ti láti inú, tí ó sì yẹ̀ lórí ìlà tí ó wà nínú ilẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwádìí ilẹ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú kò jinlẹ̀ tó láti rí ìlà náà. Abéèrè kì í ṣìnà; àwọn wọ̀nyí kò béèrè tó.

Láti ibẹ̀, kí a rán an lọ sí ìpínlẹ̀ Idaho ní Amẹ́ríkà. Àwọn ará ibẹ̀ béèrè ní tiwọn. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń kọ́ dáàmù lu ilẹ̀ àfonífojì odò Teton, wọ́n sì mọ̀ pé òkúta ibẹ̀ sán púpọ̀. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, wọ́n bá ojú sísán tí ó fẹ̀ tó kí ènìyàn wọ inú rẹ̀. Wọ́n da sìmẹ́ǹtì sí i, wọ́n ní ó tó. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹfà ọdún 1976, bí omi ti ń kún dáàmù náà fún ìgbà àkọ́kọ́, omi gba inú òkúta sísán, ó fọ iyẹ̀pẹ̀ inú ògiri lọ, ògiri tí gíga rẹ̀ tó 93 mítà sì wó kí ọ̀sán tó pọ́n. Ènìyàn mọ́kànlá kú, omi sì gba ilé àti oko. Bí kì í bá ṣe pé ojúmọmọ ni, tí a sì ti kìlọ̀ fún àwọn ará ìsàlẹ̀ odò, àwọn tí ì bá kú ì bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Faransé, a kò béèrè tó lọ́wọ́ òkúta. Ní Idaho, òkúta dáhùn, a kò sì ka ìdáhùn rẹ̀ sí tó.

Ẹ má sì ṣe sọ pé ọ̀nà Faransé jìn. Òkúta tí ó yẹ̀ ní Malpasset ni àwọn onímọ̀ ń pè ní gneiss. Gneiss yìí kan náà ni ó tẹ́ lábẹ́ apá púpọ̀ nínú ìlú Ìbàdàn àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yorùbá tí kì í ṣe ti etí òkun. Àwa ń wo Olúmọ, a ń wo òkè Ìdànrè, a sì ń rò pé orí akọ òkúta ni gbogbo wa jókòó lé. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Oòrùn àti òjò ti jẹ òkúta wa láti ayébáyé, dé ibi jíjìn, tí ó fi di ilẹ̀ pupa àti amọ̀. Nínú amọ̀ yìí ni òkúta ńláńlá kù sí káàkiri, bí ẹran nínú ọbẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá bá ọ̀kan pàdé, yóò dún gan-an, òkúta dídán yóò jáde, òǹkà Deere rẹ̀ lè ju 90 lọ. Alulẹ̀ tí ó ń kánjú yóò ní òun ti dé àpáta. Kò dé ibì kankan! Bí ó bá lu mítà méjì sí i, yóò tún bọ́ sínú amọ̀. Òkúta tí kò ní ìdí ni ó bá pàdé. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ dáwọ́ dúró níbi tí a ti kọ́kọ́ gbọ́ dídún òkúta, ṣùgbọ́n kí a lù ú wọlé ní mítà mélòó kan, ní ọ̀pọ̀ ihò, kí ó tó dá wa lójú.

Ẹ gbọ́ wa yé o. Àwa kò sọ pé dáàmù Aṣejirẹ tàbí ti Ọ̀yán ní àbùkù. Ohun tí a ń sọ ni pé ará ìlú tí ó ń sùn sí ìsàlẹ̀ dáàmù ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ó gbé e ró, kí ó má jẹ́ pé ẹnu àwọn aláṣẹ nìkan ni yóò máa gbà gbọ́.

A mọ ohun tí àwọn alátakò wa yóò sọ. Wọn yóò kọ́kọ́ sọ pé lílu ilẹ̀ gbówó lórí. A dáhùn: owó ìlulẹ̀ jẹ́ díẹ̀ kíún nínú owó iṣẹ́. Èyí tí ó gbówó lórí ni ìpìlẹ̀ tí a gbẹ́ tán tí a tún gbẹ́, àti òkú tí a kò lè fi owó rà padà. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Lẹ́yìn náà, wọn yóò sọ pé àwọn ògbógi ti fi nọ́ńbà sí i, kí ni ará ìlú tún fẹ́ mọ̀? A dáhùn pé nọ́ńbà kì í ṣe òrìṣà. Deere gbé e kalẹ̀ láti jẹ́ ìkìlọ̀ àkọ́kọ́, kì í ṣe ìdájọ́ ìkẹyìn. Bí gbogbo ègé bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 11, òǹkà náà yóò jẹ́ 100. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ 9, yóò jẹ́ òdo. Bẹ́ẹ̀ ni sẹ̀ǹtímítà méjì péré ni ó wà láàárín wọn. Òǹkà náà kò sọ bóyá amọ̀ wà lójú sísán. Ihò tí a lu ní òòró sì lè gba àárín sísán méjì tí ó dúró ní òòró kọjá láìfojú kan ọ̀kankan. Síbẹ̀, nọ́ńbà yìí kì í dúró lójú kan. Láti 1973 àti 1974, nígbà tí Bieniawski ní Gúúsù Áfíríkà àti Barton pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Norway gbé ìlànà tiwọn jáde fún dídíwọ̀n àpáta, òǹkà Deere ti di ọ̀kan nínú ohun tí ìlànà méjèèjì ń lò. Bí ti ìpìlẹ̀ bá jẹ́ irọ́, gbogbo ìṣirò tí ó tẹ̀ lé e ti gbé irọ́ náà pọ̀n. Ìdí nìyí tí a fi ń béèrè òkúta fúnra rẹ̀, kì í ṣe nọ́ńbà nìkan.

Níkẹyìn, wọn yóò sọ pé kí a má dẹ́rù ba ará ìlú. Ta ni ó ń dẹ́rù bà wọ́n? Ẹni tí ó ní kí a ṣí àpótí ni, tàbí ẹni tí ó ti í? Ní ọdún 1909, nígbà tí àwọn Òyìnbó amúnisìn ń wá ohun tí wọn yóò kó nínú ilẹ̀ wa, Kitson àti àwọn ènìyàn rẹ̀ yẹ ilẹ̀ náà wò fínnífínní títí wọ́n fi rí èédú ní agbègbè Enúgu. Wọ́n ka ilẹ̀ wa ní àkàtúnkà nítorí ohun tí wọ́n fẹ́ kó. Ǹjẹ́ kò yẹ kí àwa tí a ni ilẹ̀ kà á nítorí ẹ̀mí ara wa? Òmìnira wo ni ó wà nínú kí a gba àṣẹ ilẹ̀ wa, kí a má sì mọ ohun tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀?

Nítorí náà, ohun tí ẹgbẹ́ wa ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba èyíkéyìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìjọba tiwa, ni ìwọ̀nyí. Èkínní, kí a má ṣe san owó fún alulẹ̀ ní iye mítà nìkan. Kí owó rẹ̀ tẹ̀ lé òkúta tí ó kó jáde. Èkejì, kí onímọ̀ òkúta tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ alulẹ̀ dúró ti ẹ̀rọ, kí ó ka òkúta ní kété tí ó bá jáde, kí ọkọ̀ tó jìn ín fọ́ tàbí kí oòrùn tó là á. Ẹ̀kẹta, kí a kọ ìwọ̀n tí a lu, ìwọ̀n tí ó bọ̀, àti òǹkà Deere sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn fún ìrìn páìpù kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni lè tún un ṣírò. Ẹ̀kẹrin, kí a ya fọ́tò àpótí kọ̀ọ̀kan kí a tó gbé e kúrò lójú iṣẹ́. Ẹ̀karùn-ún, kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan kọ́ ilé kan tí a óò máa tọ́jú àpótí wọ̀nyí sí níwọ̀n ìgbà tí dáàmù tàbí afárá náà bá wà lórí ìdúró. Ẹ̀kẹfà, kí a gbé ìròyìn ìlulẹ̀ síta kí a tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú agbaṣẹ́ṣe, kí àwọn ọmọ wa tí wọ́n kọ́ ìmọ̀ òkúta ní àwọn yunifásítì wa lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù gbogbo, iṣẹ́ tiyín náà wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá rí ẹ̀rọ ìlulẹ̀ ní àdúgbò yín nítorí iṣẹ́ ìjọba, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń kó àpótí lọ. Nígbà tí wọ́n bá fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, ẹ béèrè ìwé ìlulẹ̀. Òfin tí ó fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba ti wà láti ọdún 2011. Ẹ kọ ìwé ìbéèrè, ẹ fọwọ́ sí i, ẹ mú un lọ. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Bí wọ́n bá sì fún yín ní ìwé náà, ẹ má wo nọ́ńbà tí ó wà nísàlẹ̀ nìkan. Ẹ wá ìwọ̀n tí wọ́n lu, ẹ wá ìwọ̀n tí ó bọ̀, ẹ yọ èkejì kúrò nínú èkínní, kí ẹ sì béèrè ohun tí ó wà nínú àyè tí ó ṣófo.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ti dáàmù, ọjọ́ tí omi bá kún ni ọjọ́ náà. Kí ọjọ́ náà tó dé, ẹ kó àpótí òkúta jáde!